Fọ́ọ̀mù Tí Kì í Gba "Bóyá"

Ẹ̀yin tí ẹ ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rí láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, tí wọ́n ní kí ẹ lọ mú ìwé kan wá, tí ẹ mú un wá, tí wọ́n tún ní ó ku ẹ̀dà kejì, ẹ sún mọ́ bí. Tiyín ni ìtàn yìí. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sínú ọ́fíìsì náà lè gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n ẹ má bínú sí mi. Èmi kọ́ ni mo rán ọ̀gá yín níṣẹ́.

Ilé-iṣẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ilé Àkọsílẹ̀ Òṣìṣẹ́. Ibẹ̀ ni fáìlì gbogbo ẹni tó ń jẹun nídìí iṣẹ́ ìjọba ń gbé: ọjọ́ tí wọ́n bí i, ọjọ́ tó gbaṣẹ́, ọjọ́ tó yẹ kó fẹ̀yìn tì. Ilé alájà mẹ́ta ni, àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró, fáìlì sì pọ̀ níbẹ̀ débi pé àwọn òṣìṣẹ́ ti ń gbé abọ́ oúnjẹ lé e lórí. Ọkùnrin tó jẹ́ olórí ibẹ̀ ni wọ́n ń pè ní Ọ̀gá Pátápátá. Wọn ò ṣèèṣì pè é bẹ́ẹ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ìwé ránṣẹ́ sí gbogbo yàrá pé "ọ̀gá" lásán ti pọ̀ jù nígboro, pé awakọ̀ ń jẹ́ ọ̀gá, télọ̀ ń jẹ́ ọ̀gá, ẹni tó ń tún bàtà ṣe pàápàá ń jẹ́ ọ̀gá, nítorí náà kí wọ́n fi "Pátápátá" kún ti òun kí ìyàtọ̀ lè wà.

Ọkùnrin náà ò ga, ṣùgbọ́n àga rẹ̀ ga. Ó ti ní kí káfíńtà fi igi kún ẹsẹ̀ àga náà, débi pé tó bá jókòó, bàtà rẹ̀ méjèèjì á máa mì lábẹ́ tábìlì bíi ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí ògiri. Akọ̀wé rẹ̀ nìkan ló mọ̀ pé wọ́n ń mì, òun náà ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni wọ́n ń pe akọ̀wé yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ méjì yẹn ló fi ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Láràárọ̀ ló ń sáré síwájú ọ̀gá láti ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí ilẹ̀kùn bá ti wà ní ṣíṣí tẹ́lẹ̀, á kọ́kọ́ pa á dé kó lè rí i ṣí. Bí ọ̀gá bá sín, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà."

Nísàlẹ̀ ilé náà, nínú yàrá kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, obìnrin kan ń jókòó síbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíkọ ìkànnì íńtánẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń pè é, torí ohun tó máa ń fèsì nìyẹn bí wọ́n bá bi í pé ibo ni iṣẹ́ dé. Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé kí wọ́n kó gbogbo fáìlì sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, òun ni iṣẹ́ náà já lé léjìká.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí kò mọ iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ń kọ ìkànnì kì í sáábà bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀. Àwọn kan ti gbé egungun ilé ró sílẹ̀ fún un: òpó wà níbẹ̀, òrùlé wà níbẹ̀, ojú ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Tiẹ̀ ni kó mọ ògiri, kó sì sọ ohun tí yàrá kọ̀ọ̀kan máa gbà wọlé. Bí fọ́ọ̀mù bá ní ogún àlàfo tí èèyàn máa kọ nǹkan sí, ẹ̀gbẹ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan ni á ti kọ òfin tirẹ̀: èyí ò gbọdọ̀ ṣófo, èyí, nọ́ńbà nìkan, èyí ò gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà mẹ́ta, èyí gbọ́dọ̀ bá ti òkè mu. Ẹni tó bá kọ ọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ á gbà á. Ẹni tó bá ṣì í kọ, lẹ́tà pupa á jáde lábẹ́ àlàfo náà láti sọ ibi tó kù sí fún un. Iṣẹ́ aṣọ́nà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ́nà tó dáa sì mọ ìyàtọ̀ láàárín olè àti àlejò.

Ogún àlàfo ni Díẹ̀díẹ̀ gbé lọ sí ìpàdé. Ọ̀gá Pátápátá wò wọ́n, ó yọ ṣùtì ètè, ó ní òfin ò tó. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó sì sọ fún wọn pé òun ti dìde, kí ẹni tó jókòó sẹ́yìn lè mọ̀.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ó ní, "láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ló ń ba ìlú jẹ́? Àlàfo ni. Ẹni tó bá fi àlàfo sílẹ̀ nínú fọ́ọ̀mù, àárín ọkàn mi ló dá lu yẹn. Èmi ò ní gba àlàfo. Mi ò ní gba 'bóyá'. Mi ò ní gba 'ó tó bẹ́ẹ̀'. Ẹ̀rọ mi á mọ̀ yín ju bí ìyá tó bí yín ṣe mọ̀ yín lọ."

"Bẹ́ẹ̀ni, sà," ni akọ̀wé wí, ó sì pàtẹ́wọ́ títí àwọn tó kù fi pa tiwọn.

Kí ìpàdé tó tú, àlàfo ogún ti di mọ́kànlélọ́gọ́ta. Àlàfo wà fún ìwọ̀n bàtà. Àlàfo wà fún orúkọ ìyá ìyá-àgbà, kò sì gbọdọ̀ dín ní lẹ́tà márùn-ún, nítorí ọ̀gá ní ìyá-àgbà gidi kan ò lè ní orúkọ tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó dùn mọ́ ọn jù ni àlàfo tó pè ní "Ìdí Tí Mo Fi Ń Dúpẹ́ Lọ́wọ́ Ọ̀gá Pátápátá", tí kò gbọdọ̀ dín ní igba lẹ́tà. Nígbà tí wọ́n dán an wò, òṣìṣẹ́ kan tí ebi ń pa kàn kọ "mo dúpẹ́ mo dúpẹ́ mo dúpẹ́" títí tó fi pé iye tí wọ́n ní kó pé. Ọ̀gá ka ìwé náà, omijé lé ròrò sójú rẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí ẹni tí ìmoore rẹ̀ jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí, ó sì ní kí wọ́n fi gíláàsì bo ọ̀rọ̀ náà, kí wọ́n gbé e kọ́ ara ògiri.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ lẹ́tà pupa. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni mẹ́sàn-án jókòó fún ọjọ́ mẹ́ta lórí bóyá kí pupa náà jẹ́ ti ata tàbí ti ẹ̀jẹ̀. Ohun tí Díẹ̀díẹ̀ ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọjọ́ yìí wò." Ọ̀gá fi gègé fa ilà gùn un, ó ní ìjọba kì í sọ pé "ẹ jọ̀wọ́". Ó jókòó fúnra rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí abẹ́ àlàfo kọ̀ọ̀kan. Kí ẹni tí kò mọ̀wé kà má baà pàdánù àǹfààní yìí, ó ní kí Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi ohùn ka gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kó máa dún jáde. Akọ̀wé tí kò bú ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀ wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn, ó fi gbogbo ọ̀sán bú àwọn èèyàn tí kò mọ̀. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ já gaara nígbà tó jáde.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ lọ sí géètì wàyí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti di ti ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara fún Díẹ̀díẹ̀.

Bàbá Géètì ni aṣọ́nà ilé-iṣẹ́ náà. Àbúrò bàbá Díẹ̀díẹ̀ ni. Nígbà tí bàbá ọmọ yìí kú, òun ló gbé e wá sọ́dọ̀, nínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn géètì, èyí tí ìjọba fún un nítorí iṣẹ́ náà. Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́nu ọ̀nà yẹn ni Díẹ̀díẹ̀ ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ, torí Bàbá ní ìwé ńlá kan tí gbogbo àlejò máa ń kọ ara wọn sí: orúkọ, ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ẹni tí wọ́n wá rí, iṣẹ́ wọn, àkókò. Títí dòní, inú yàrá yẹn ni Bàbá ń sùn. Àṣẹ tí Ọ̀gá Pátápátá sì gbé jáde kò ní abùlà: ẹni tí fọ́ọ̀mù kò bá gbà títí di ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀, orúkọ rẹ̀ á kúrò nínú ìwé òṣìṣẹ́. Bí orúkọ Bàbá bá kúrò, iṣẹ́ lọ, yàrá náà sì tẹ̀ lé e.

Bàbá wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó gbé fìlà lé orúnkún. Díẹ̀díẹ̀ ń tẹ̀, òun ń sọ. Orúkọ lọ geere. Ìwọ̀n bàtà lọ geere. Orúkọ ìyá ìyá-àgbà gùn tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún àlàfo náà. Níbi ìdúpẹ́, Bàbá ronú díẹ̀, ó ní kó kọ ọ́ pé ọ̀gá kí òun lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tó kọjá, kó sì tún un kọ títí yóò fi tó. Wọ́n wá dé ibi ọjọ́ ìbí.

"Ọdún tí afárá àtijọ́ wó," Bàbá wí. "Ìyá mi ní òjò ń rọ̀."

Díẹ̀díẹ̀ mọ ọdún tí afárá wó, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n: ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta sẹ́yìn ni. Ó kọ ọdún. Ó bi Bàbá léèrè oṣù àti ọjọ́, Bàbá mirí. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó tẹ bọ́tìnnì wò. Lẹ́tà pupa jáde, ohùn Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì gba inú yàrá kan: "Ta ni ìyá tó bí ọ, tí kò mọ ọjọ́ tó bí ọ?"

Bàbá wo kọ̀ǹpútà náà bí ẹni ń wo ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé. Ó wá béèrè wẹ́rẹ́ pé kí ni ìyá òun ṣe fún un.

Ojú ti Díẹ̀díẹ̀ débi pé kò lè gbójú sókè, torí òun ló kọ òfin tó mú ọ̀rọ̀ yẹn jáde, bí kò tilẹ̀ jẹ́ òun ló kọ ọ̀rọ̀ náà. Ó ní kí Bàbá jẹ́ kí òun fi ọjọ́ kìíní oṣù kìíní síbẹ̀, pé ohun tí gbogbo ayé ń ṣe nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀.

"Ọmọ mi," Bàbá wí, "ọdún márùndínlógójì ni mo fi ń bi èèyàn ní géètì yìí pé ta ni wọ́n. Mi ò parọ́ fún wọn, mi ò sì gbà kí wọ́n parọ́ fún mi. Ohun tí mo mọ̀, mo mọ̀ ọ́n. Ohun tí mi ò mọ̀, mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ̀rọ yín ò ní ibi tí wọ́n ń kọ ìyẹn sí ni?"

Kò ní. Bàbá fi ìka kan tẹ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ibi ọjọ́ náà fúnra rẹ̀: "òjò ń rọ̀". Ẹ̀rọ tún bú u. Bàbá gbé fìlà rẹ̀, ó padà sí ẹnu iṣẹ́.

Díẹ̀díẹ̀ gun àtẹ̀gùn lọ bá ọ̀gá. Ó bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi àpótí kékeré kan kún un, tí èèyàn lè tẹ̀ láti sọ pé ọdún ni òun mọ̀, òun ò mọ ọjọ́. Ó ní ìlà kan péré ni nínú iṣẹ́ náà, kò ní gbà ju kí omi tó hó lọ. Ọ̀gá Pátápátá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni inú bí i pé wọ́n jẹ́ kí òun rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀rọ mi kì í gba 'bóyá'," ó ní. "Ẹni tí kò mọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, òpùrọ́ ni. Ó ń fi ọjọ́ orí pa mọ́ ni. Àní, mo ti ronú kan ohun tí a máa fi mú wọn. Kí ẹ̀rọ ṣírò ọjọ́ orí wọn sí ọjọ́ tí wọ́n gba ìwé mẹ́fà. Kó tún ṣírò rẹ̀ sí ọjọ́ tí wọ́n gbaṣẹ́. Kó lọ mú ọjọ́ méjèèjì yẹn nínú fáìlì fúnra rẹ̀, kí wọ́n má baà rí i yí. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá bára mu, kí ẹ̀rọ kà á sí i létí. Ẹni tó bá sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kí ẹ̀rọ kí i pé ó dìgbà, kó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀."

Díẹ̀díẹ̀ wò ó títí. Ó ní, "Gbogbo èèyàn, sà?"

"Gbogbo èèyàn. Láti orí èmi dé orí ológbò tó ń pa eku nínú yàrá fáìlì."

Ó ní kí ọ̀gá kúkú fún òun ní àṣẹ náà lákọsílẹ̀. Ọ̀gá kọ ọ́, ó fi kún un pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí òfin kankan padà títí ìfilọ́lẹ̀ yóò fi parí, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ilé ló ń lọ. Ó fọwọ́ sí i, ó lu òǹtẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀ni-Sà fẹ́ atẹ́gùn sí yíǹkì náà kó lè tètè gbẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wọ yàrá, ó ka èébú tuntun náà àti gbogbo iye ọdún sínú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ jẹ́ ká sọ òdodo láàárín ara wa. Ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, Ọ̀gá Pátápátá ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún, èèyàn wá, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n gbé ẹ̀bùn sílẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó tún ṣe ọjọ́ ìbí àádọ́ta ọdún. Àwọn kan náà ló wá, wọn ò sì bi í ní nǹkan kan, torí ta ló fẹ́ gbé oúnjẹ sẹ́nu kó máa béèrè ìṣirò. Láàárín méjèèjì ló ti lọ búra ní kóòtù pé àwọn òbí òun ló ṣì í kọ. Ó pẹ́ tó ti ń pa irọ́ náà débi pé òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́, àní eékún tó ń dùn ún láràárọ̀, ó ní bàtà ló fà á. Ohun tó gbàgbé ni pé ọjọ́ orí ní ẹbí. Ó yí ọjọ́ ìbí padà, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó gba ìwé mẹ́fà àti ọjọ́ tó gbaṣẹ́ ṣì jókòó sínú fáìlì, wọ́n ń retí rẹ̀.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ pé. Wọ́n ta aṣọ ìkélé tuntun sí gbọ̀ngàn, wọ́n gbé ojú kọ̀ǹpútà kan tó tóbi tó ìbúsùn sára ògiri, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jáde sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọjọ́ méjì gbáko ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà ti fi kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní àtẹ́wọ́. Ọ̀gá máa kọ fọ́ọ̀mù tirẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Bí lẹ́tà aláwọ̀ ewé bá ti jáde pé ẹ̀rọ ti gbà á, kí gbogbo èèyàn dìde, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹni tó bá dákẹ́ kó tó pé máa kọ ìwé àlàyé. Olùbẹ̀wò àgbà wá láti olú ilé-iṣẹ́, obìnrin kan báyìí tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó gbé báàgì rẹ̀ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ni-Sà bá a du báàgì náà láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, kò sì rí i gbà.

Díẹ̀díẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Láti ojú fèrèsé, ó ń rí Bàbá Géètì tó ń ṣí ọ̀nà fún ọkọ̀ àwọn àlejò. Àwọn àpótí méjì tí Bàbá kó ẹrù rẹ̀ sí wà níta lẹ́nu ọ̀nà yàrá, torí ó ti mọ̀ pé bó bá di ọ̀la, ilé ò sí mọ́. Ọkàn obìnrin náà bàjẹ́ gidigidi.

Ọ̀gá Pátápátá sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní òun ti lé irọ́ kúrò nílẹ̀ yìí. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n má sin òun pẹ̀lú fọ́ọ̀mù yìí, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ aráyé máa lò ó. Ó wá jókòó, ó fi ìka kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Nígbà tó dé ibi ìdí tó fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gá Pátápátá, kò dúró ní igba lẹ́tà. Ó kọ ẹgbẹ̀rin, ó ń dúró láàárín kó lè mi orí sí ohun tó kọ. Ó kọ ọjọ́ ìbí tó búra lé. Ó gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ojú lè rí ìka rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì.

Gbogbo ara ògiri pupa, pupa ata. Ohùn Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì jáde láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ̀ngàn: "Ìwọ òpùrọ́ yìí! Ọmọ ọdún mẹ́ta lo gba ìwé mẹ́fà. Ọmọ ọdún méjìlá lo gbaṣẹ́ ìjọba. Ta lo rò pé o ń tàn?"

Bẹ́ẹ̀ni-Sà fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu, bí ẹni pé ó ṣì lè dá ọ̀rọ̀ náà padà.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. Ó ní ara ẹ̀rọ náà ò yá. Ó tún un tẹ̀, ẹ̀rọ tún un sọ. Ó pàṣẹ pé kí Díẹ̀díẹ̀ pa òfin náà kíá. Díẹ̀díẹ̀ fi pẹ̀lẹ́ ṣàlàyé pé aṣọ́nà méjì ló wà, ọ̀kan lójú fọ́ọ̀mù, ọ̀kan nínú ilé níbi tí ẹ̀rọ ń tọ́jú fáìlì sí. Bí wọ́n bá ní kí ti ojú fọ́ọ̀mù lọ sùn, ti inú ilé ṣì máa dá èèyàn dúró. Òun ò sì lè fọwọ́ kan ìkankan títí ìfilọ́lẹ̀ yóò fi parí, nítorí ìwé wà, òǹtẹ̀ mẹ́ta sì wà lórí ìwé.

"Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé náà," ni Olùbẹ̀wò wí. Ó kà á, ó ṣẹ́ ẹ po, ó fi í sínú báàgì rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ni-Sà ń wá bó ṣe máa gba ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa ronú fúnra rẹ̀, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń dá a dúró. Ó sáré gba àtẹ̀gùn lọ sí yàrá fáìlì, ó sáré padà, eruku bo gbogbo orí rẹ̀, fáìlì àtijọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà.

"Mo ti rí i, sà," ó ní, inú rẹ̀ ń dùn. "Ọjọ́ ìbí kan wà nínú ìwé mẹ́fà yín gan-an. Ó fi ọdún mẹ́wàá ṣáájú ti kóòtù. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ó bá gbogbo ẹ̀ mu, sà."

Ọ̀gá Pátápátá wo akọ̀wé rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo Olùbẹ̀wò. Ó tẹ orí sọ́dọ̀ Díẹ̀díẹ̀. Ohùn rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn, ohùn ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì láti àárọ̀.

"Ọmọ mi," ó ní, "ṣé kò síbì kan téèyàn lè tẹ̀ pé kò dá òun lójú?"

Àánú rẹ̀ ṣe Díẹ̀díẹ̀, kò sì retí pé ó lè ṣe òun. "Ó yẹ kó wà, sà," ó dáhùn. "Mo bẹ̀ yín nítorí rẹ̀."

Olùbẹ̀wò ní kí wọ́n kọ èyí tó wà nínú fáìlì. Ọ̀gá fi ìka kan náà tẹ̀ ẹ́. Àwọ̀ ewé bo ògiri: "A ti gbà ọ́ wọlé." Kí ọ̀gá tó mí, ọ̀rọ̀ kejì tẹ̀ lé e, ohùn Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì ń kà á láti igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: "O ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó dìgbà. Fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, kí o sì má ṣe jẹ́ kí a tún rí ọ."

Àwọn òṣìṣẹ́ ti rí àwọ̀ ewé. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn ni wọ́n ṣe. Gbogbo wọn dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún odindi ìṣẹ́jú kan, kò sẹ́ni tó dákẹ́ kó tó pé, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ ìwé àlàyé. Nígbà tí ìṣẹ́jú náà pé, àwọn kan ṣì ń pa á, ìfẹ́ inú wọn ni.

Nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo, Olùbẹ̀wò ní kí Díẹ̀díẹ̀ kó orúkọ àwọn tí ẹ̀rọ kò gbà wá, pẹ̀lú ohun tí wọ́n kọ. Wọ́n lé ní igba. Ó ń kà wọ́n lọ ní ìkọ̀ọ̀kan, ó dúró níbì kan, ó yọ ìgò ojú rẹ̀. Ó béèrè pé ta ni ẹni tó kọ "òjò ń rọ̀" sí ibi ọjọ́ ìbí. Díẹ̀díẹ̀ sọ fún un, kò sì fi pa mọ́ pé àbúrò bàbá òun ni.

"Nínú gbogbo ìwé yìí," ni Olùbẹ̀wò wí, "òun nìkan ló sọ ohun tó mọ̀ fún mi, tó sì dúró síbẹ̀. Fi àpótí tí o bẹ̀bẹ̀ fún yẹn síbẹ̀."

Omi ò tíì hó tó fi parí. Díẹ̀díẹ̀ yọ ìwọ̀n bàtà kúrò, ó yọ ìdúpẹ́ kúrò, ó dá "ẹ jọ̀wọ́" padà síbi gbogbo. Ó ránṣẹ́ pe Bàbá, ó ní kó tẹ àpótí náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọ̀ ewé jáde, Bàbá ní kó ka ohun tó wà níbẹ̀ fún òun. Ó kà á. Bàbá ní kó tún un kà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n jọ lọ gbé àpótí ẹrù méjèèjì padà sínú yàrá, Díẹ̀díẹ̀ sì ń sunkún, ẹkún ayọ̀ ni, kò fi pa mọ́ fún ẹni tó ń kọjá. Ní ti akọ̀wé, ó ṣì wà níbẹ̀. "Bẹ́ẹ̀ni, mà" ló ń sọ fún ọ̀gá tuntun báyìí, ó ní kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọkùnrin kan tí kò ga fẹsẹ̀ rìn wá sí géètì. Àwòrán ara rẹ̀ tó gbàgbé sára ògiri ló wá gbà. Bàbá Géètì kí i dáadáa, ó fún un ní bẹ́ǹṣì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀. Bàbá ṣí ìwé ńlá náà síwájú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣí i fún gbogbo èèyàn. Ọkùnrin náà kọ orúkọ. Ó kọ ibi tó ti ń bọ̀. Ó kọ ohun tó wá gbà. Ó wá dé àlàfo tí wọ́n pè ní "iṣẹ́", gègé dúró. Ó gbé e sókè, ó gbé e sílẹ̀. Àwọn àlejò méjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń dúró.

Bàbá Géètì yọjú wo ìwé náà, ó rí ibi tó há sí.

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, sà," ó ní. "Ìwé tèmi máa ń gbà á."

Ó sì ṣí géètì fún un.